Alexander Mackay, Òyìnbó Oníṣẹ́

Kò sí ohun èlò tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ṣe tí kì í bàjẹ́. Ẹ̀rúkọ́ a máa ṣẹ́, ojú àdá a máa kú, ọkọ̀ tí a kàn dáradára a sì máa fọ́ ní ọjọ́ ìjì. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí wa ní ìlú wa, ilé alágbẹ̀dẹ kò jìnnà, a sì lè yá ti aládùúgbò lò títí a ó fi tún tiwa ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè yóò ṣe, bí irinṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ ní ibi tí kò ti sí ẹni tí ó rí irú rẹ̀ rí, tí ìwé tí ó bá kọ sí ilé yóò sì pẹ́ ní ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oṣù? Ìtàn ìgbésí ayé Alexander Mackay, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà láti ọdún 1878 títí di ọdún 1887, dáhùn ìbéèrè yìí fún wa.

A bí Mackay ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1849, ní abúlé Rhynie ní ilẹ̀ Scotland. Àlùfáà ni baba rẹ̀, ọ̀mọ̀wé sì ni pẹ̀lú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọmọ náà ní ìwé nílé nígbà èwe rẹ̀. Inú baba ìbá dùn bí ọmọ rẹ̀ bá di àlùfáà bí òun, ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ náà wà ní ibi tí a gbé ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Bí a bá wá a tì nílé, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni a ó ti bá a, tàbí lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, tí yóò dúró tí yóò máa wò bí wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà mìíràn a fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin gbé ń dúró, kìkì kí ó lè wo ẹ̀rọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Edinburgh. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì ìlú náà. Ní ọdún 1873 ó lọ sí ilẹ̀ Jámánì, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní ẹ̀bá ìlú Berlin tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí ó fi di ẹni ńlá níbẹ̀. Owó ń wọlé fún un dáradára, ọjọ́ iwájú sì ń dán.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1875, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ lẹ́tà kan jáde, èyí tí arìnrìn-àjò nì, Stanley, kọ wá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí lẹ́tà náà wí ni pé Mutesa, ọba Bùgáńdà, ń fẹ́ àwọn olùkọ́ ní ìlú rẹ̀, àti pé kì í ṣe oníwàásù nìkan ni a ń fẹ́, bí kò ṣe àwọn tí ó lè kọ́lé, tí ó lè wo aláìsàn sàn, tí ó sì lè fi ọ̀nà iṣẹ́ ọwọ́ han ènìyàn. Ẹgbẹ́ C.M.S., ẹgbẹ́ kan náà tí ó rán Townsend àti Crowther wá sí Abẹ́òkúta ní ìṣáájú, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ náà. Mackay kọ̀wé sí wọn. Ó fi ipò rẹ̀ ní Jámánì sílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni lé e, bí kò ṣe nítorí pé ó rò pé ìmọ̀ ẹ̀rọ tí òun ní yóò wúlò fún àwọn tí kò ní i ju fún àwọn tí ó ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó jẹ́ nígbà náà.

Àwọn mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ náà yàn. Nígbà tí wọ́n ń dágbére fún àwọn olórí ẹgbẹ́, Mackay rán wọn létí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó yà wọ́n lẹ́nu bí wọ́n bá gbọ́ láàrin oṣù mẹ́fà pé ọ̀kan nínú àwọn ti kú. Ohun tí ó bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má ṣe sọ ìrètí nù, kí wọ́n sì rán ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1876. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ọ̀kan nínú wọn ti kú ní Zanzibar.

Lára ẹrù tí wọ́n kó lọ ni ọkọ̀ kékeré kan tí a ń pè ní Daisy wà. Ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni a ṣe sí inú rẹ̀, a sì kàn án lọ́nà tí a fi lè tú u sí wẹ́wẹ́ kí àwọn alábàárù lè rù ú. Èrò wọn ni pé ọkọ̀ yìí yóò gbé wọn gba ojú odò lọ sí àárín ilẹ̀, yóò sì gbé wọn la adágún ńlá nì, Victoria, kọjá lọ sí Ùgáńdà. Gbogbo ìrètí iṣẹ́ náà ni wọ́n fi sí orí ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìṣòro nìyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1876, Mackay wa Daisy wọ odò Wami láti etí òkun. Odò náà lọ́ bí ejò, igbó sì bo etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà á dé ibì kan, ó hàn gbangba pé odò náà kò lè gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n dán odò mìíràn wò, bákan náà ni ó rí. Bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Wọ́n padà sí etí òkun, wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n sì háyà àwọn alábàárù. A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ènìyàn wọ̀nyí, tí a kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Orí wọn ni wọ́n fi ru pákó, irin, àti ìkòkò ńlá tí ń se omi fún ẹ̀rọ, ní ọ̀nà tí ó gba ọ̀pọ̀ oṣù, nínú oòrùn àti òjò. Láìsí ọrùn wọn, kò sí ọkọ̀ tí ìbá dé adágún.

Mackay kò bá wọn dé ọ̀hún. Ibà kọlù ú ní ọ̀nà, wọ́n sì ní láti gbé e padà sí etí òkun. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, dípò tí ìbá fi jókòó kí ó máa retí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà láti etí òkun lọ sí Mpwapwa ní ọdún 1877. Gígùn ọ̀nà náà tó 230 máìlì. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gé igi, wọ́n ro igbó, wọ́n sì tẹ́ afárá sórí odò. Ó rò pé bí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí akọ màlúù ń fà bá lè gba ibẹ̀, ẹrù kò ní í wúwo mọ́ lórí ènìyàn. Ṣùgbọ́n òjò sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ rì sínú rẹ̀, eṣinṣin búburú tí ń pa ẹran ọ̀sìn ní ilẹ̀ náà sì jẹ́ kí àwọn màlúù máa kú. Nígbà yìí náà ni ìròyìn burúkú dé. Oníṣègùn tí ó wà lára wọn ti kú ní etí adágún, a sì ti pa àwọn méjì mìíràn, Smith àti O'Neill, ní erékùṣù Ukerewe ní oṣù kejìlá ọdún 1877, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọba ibẹ̀ àti oníṣòwò Lárúbáwá kan. Àìsàn ti lé àwọn méjì padà sí ilé. Nínú àwọn mẹ́jọ, Mackay àti Wilson nìkan ni ó kù.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1878, Mackay dé Kageyi ní etí gúúsù adágún náà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tàǹsáníà lónìí. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ìbá mú kí ẹlòmíràn jókòó kí ó sunkún. Nínú ahéré kan ni a kó gbogbo ẹrù wọn jọ gègèrè: irin ẹ̀rọ, ìwé, irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti lẹ́tà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ara wọn, ìpẹtà sì ti bo ohun tí ó jẹ́ irin. Daisy alára wà ní orí iyanrìn. Oòrùn ti la àwọn pákó rẹ̀, ikán sì ti jẹ nínú wọn.

Mackay kò kọ̀wé sí ilé pé kí a fi ọkọ̀ mìíràn ránṣẹ́ kí ó sì jókòó dè é. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó kéré jù. Ó ya irin kúrò lára irin, ó nu ìpẹtà kúrò lára wọn, ó mọ ohun tí ó kù àti ohun tí ó ti sọnù. Láàrin ọjọ́ mẹ́wàá ó ti to àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà pọ̀ bí ó ti yẹ kí wọ́n wà, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ti ní àpótí tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó kọjú sí pákó ọkọ̀ náà. Èyí tí ikán ti jẹ ni ó yọ kúrò, èyí tí ó là ni ó dí.

Ohun kan tún wà tí ó nílò àtúnṣe ju ọkọ̀ lọ, èyí ni àlàáfíà pẹ̀lú ọba Ukerewe. Àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ Mackay bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé a ó pa á bí a ti pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lọ láìmú ohun ìjà kankan lọ́wọ́, ó bá ọba náà sọ̀rọ̀, ó fi yé e pé ẹ̀san kọ́ ni òun wá gbà, ó sì padà ní àlàáfíà. Ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ tilẹ̀ dára, tí àwọn ará etí omi bá jẹ́ ọ̀tá, kò sí ibi tí ọkọ̀ náà yóò gúnlẹ̀ sí.

Nígbà tí Wilson ti Ùgáńdà wá pàdé rẹ̀, àwọn méjèèjì ta ìgbòkun Daisy, wọ́n sì ṣíkọ̀. Wọn kò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ tí ìjì fi dé. Ìgbì omi gbé ọkọ̀ náà lu ilẹ̀ ní etí ìwọ̀-oòrùn adágún, ó sì fọ́ ọ. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ bàjẹ́ ní òru kan. Kò sí ọjà tí a ti ń ta pákó ọkọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ilé iṣẹ́ tí a lè gbé e lọ. Níbi yìí ni ọgbọ́n Mackay ti hàn. Bí aránṣọ tí ó gé agbádá tí ó ti ya kí ó lè fi rán dàńṣíkí, ó gé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 8 kúrò ní àárín ọkọ̀ náà, ó fa iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, ó kàn wọ́n mọ́ ara wọn, ó sì fi pákó tí ó gé kúrò di gbogbo ibi tí ó fọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà gbà. Daisy kúrú ju ti àtijọ́ lọ, ẹwà rẹ̀ sì ti dín kù, ṣùgbọ́n ó léfòó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ó gbé wọn gúnlẹ̀ ní Ùgáńdà. Ọdún méjì àti oṣù méje ni Mackay fi rin ìrìn-àjò náà láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé.

Mutesa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ tí iṣẹ́ wọn dára ti wà ní Bùgáńdà tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí irú irinṣẹ́ tí Mackay gbé wá. Ó kọ́ ilé iṣẹ́, ó gbé ẹwìrì kalẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń wá wò ó bí òun náà ti máa ń lọ wo alágbẹ̀dẹ nígbà èwe rẹ̀. Bí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tí ó rí i pé òun kò ní lẹ́tà ńláńlá tí a lè fi tẹ ìwé fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABD, ó gbẹ́ igi, ó sì fi ọ̀bẹ gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣe ẹbọ. Láti ara igi wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ rí èdè Luganda lórí ìwé. Ó gbẹ́ kànga pẹ̀lú, ó sì fi ẹ̀rọ tí ń fa omi sí i, ẹnu sì ya àwọn ènìyàn láti rí omi tí ń gun òkè bọ̀. Nígbà tí ìyá ọba kú ní ọdún 1882, Mackay ni ọba pè láti ṣe pósí rẹ̀. Mẹ́ta ni pósí náà, ọ̀kan nínú èkejì; bàbà ni a sì fi ṣe ọ̀kan nínú wọn. Nítorí gbogbo èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Òyìnbó Oníṣẹ́.

Kò yẹ kí a wí pé ènìyàn tí kò ní àbùkù ni. Àwọn Fádà ìjọ Àgùdà láti ilẹ̀ Faransé dé Bùgáńdà ní ọdún 1879, Mackay àti wọn sì máa ń jiyàn kíkan níwájú ọba, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjiyàn wọn da ọkàn àwọn tí ń gbọ́ rú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ sùúrù pẹ̀lú irin tí ó dípẹtà ju bí ahọ́n rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Ní ọdún 1883, a fi ọkọ̀ mìíràn tí a ń pè ní Eleanor ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní wẹ́wẹ́, Mackay sì tò ó pọ̀ ní gúúsù adágún. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí kì í ṣe ti pákó àti irin ń bọ̀. Mutesa kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1884, Mwanga ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ọba ọ̀dọ́ yìí ń bẹ̀rù pé àwọn òyìnbó yóò gba ilẹ̀ òun. Ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe asán, nítorí ní ọdún 1894 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Ùgáńdà di abẹ́ àbò rẹ̀. Ní òpin oṣù kìíní ọdún 1885, bí Mackay ti ń lọ sí etí adágún pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun dá wọn dúró, wọ́n sì mú àwọn ọmọ náà. Mackay sáré kiri, ó bẹ àwọn ìjòyè, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. A sun mẹ́ta nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà níná. Ẹni tí ó gé ọkọ̀ sí méjì tí ó sì tún un kàn kò rí ohun tí yóò fi tún èyí ṣe. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a pa ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i, ti ìjọ Àgùdà àti ti Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀ Mackay kò lọ. Àárẹ̀ mú un, ìbànújẹ́ sì wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n lóru ni òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ ìwé, lọ́sàn-án ni ó sì ń tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe fún ọba náà tí ń ṣe inúnibíni sí àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn tí ó ti kọ́ ìwé ń kọ́ àwọn mìíràn ní ìkọ̀kọ̀. Ní oṣù keje ọdún 1887, Mwanga lé e kúrò ní ìlú. Ó re gúúsù adágún kọjá, ó tẹ̀dó sí Usambiro, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ó mọ bíríkì, ó kọ́lé, ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀, ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè Luganda, ó sì ń kan ọkọ̀ tuntun. Nígbà tí Stanley gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún 1889, ó rọ̀ ọ́ pé kí ó bá òun lọ sí ilé lọ sinmi. Mackay kọ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀. Ibà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1890, lẹ́ni ogójì ọdún. Láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé ní ọdún 1876, kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ tí ó ń kàn ní Usambiro kò tíì parí nígbà tí ó kú. Daisy ti jẹrà tipẹ́. Bí ó bá ṣe pé orí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ nìkan ni iṣẹ́ Mackay dúró lé ni, ìbá bá a kú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ ní ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ wà ní Bùgáńdà, wọn kò sì dúró de òyìnbó kan kí wọ́n tó máa kọ́ ara wọn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ a kó egungun rẹ̀ láti Usambiro lọ sí òkè Namirembe ní Ùgáńdà, ó sì wà níbẹ̀ láàrin wọn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí fún wa kò le. Ohun èlò yóò bàjẹ́ dandan, pàápàá ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ó bá bàjẹ́, kí a má ṣe jókòó ti òkìtì irin kí a máa ka ohun tí ó sọnù. Kí a yẹ ohun tí ó kù wò, kí a sì gé èyí tí a lè gé kí a lè gba èyí tí ó ṣeé gbà là. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ wa má ṣe wà lọ́wọ́ wa nìkan. Ẹni tí ó kọ́ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ti fi irinṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ikán kò lè jẹ, tí ìpẹtà kò sì lè bò.